Òwú níwájú orí, òrí nímú, omi ọmú lójú: èwo ni ká gbà nínú ìtọ́jú abẹ́lé?

Ìbéèrè

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí kí ó tó di ìjà nínú ilé. Ọmọ mi kò tíì pé oṣù kan, ìyá ọkọ mi sì wá láti Ìsẹ́yìn láti bá wa tọ́jú rẹ̀. Bí òsúkè bá mú ọmọ, màmá á já fọ́nrán òwú létí aṣọ, wọ́n á fi itọ́ rẹ ẹ́, wọ́n á sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn níwájú orí. Bí imú rẹ̀ bá dí, òrí ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́. Láti àná ni ojú ọmọ ti ń ṣe ipin, ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún sì wú díẹ̀. Màmá ní kí n fún omi ọmú sí i, pé kò ní í di ọ̀la kó tó lọ. Ọkọ mi sọ pé bí wọ́n ṣe tọ́ òun náà nìyẹn, kò sì sí ohun tó ṣe òun. N kò fẹ́ rí àgbà fín, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́ nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní ká padà sídìí ewé àti egbò, ẹ wí tẹnu yín.

* * *

Ìyá ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi. Ojú ni kí a kọ́kọ́ mú, nítorí òun nìkan ni kò ṣeé fi dúró nínú gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀. Ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ 28, tí ojú rẹ̀ ń ṣe ipin tí ìpéǹpéjú rẹ̀ sì wú, ilé ìwòsàn ló yẹ kí ó wà lónìí, kì í ṣe lọ́la. Kòkòrò àtọ̀sí lè bá ọmọ lójú nígbà tí wọ́n ń bí i, láìjẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ mọ̀ pé ó wà lára òun, kòkòrò náà sì lè ba ẹyinjú jẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Lóòótọ́ ni omi ọmú ní àwọn èròjà tó ń bá kòkòrò jà, n kò sì ní í bá màmá jiyàn lórí ìyẹn, àmọ́ agbára rẹ̀ kò ká irú èyí. Ẹ bu omi tó ti hó tó sì ti tutù, ẹ rẹ òwú tó mọ́ sínú rẹ̀, ẹ fi nu ojú náà láti ẹ̀gbẹ́ imú síta, òwú ọ̀tọ̀ fún ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gbé ọmọ lọ.

Mo ń sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní ẹ̀ka àwọn ọmọdé, tí ìyá tó bí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ẹlẹ́wé ọmọ. Ìdí àtẹ ewé ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, n kò sì kórìíra ewé. Ohun tí mo fẹ́ kí a máa bi ara wa kí a tó lo ohunkóhun nínú ilé kò ju méjì lọ: ibo lára ni nǹkan yìí ń wọ̀, àti pé báwo ni yóò ṣe dá wa dúró pẹ́ tó kí a tó dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Bóyá ó ṣàjèjì tàbí kò ṣàjèjì, bóyá àtijọ́ ni tàbí tòde òní, ìyẹn kọ́ ló jẹ mí lógún. Mo ti ka ohun tí ẹ̀yin yòókù kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí, àti ìbéèrè tí ẹ fi kún un, n ó sì mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

* * *

Ọ̀rọ̀ òwú ni àwọn ènìyàn pọ̀ lé lórí jù. Àwọn kan búra pé bí òwú bá ti kan iwájú orí ọmọ báyìí ni òsúkè á lọ; àwọn mìíràn ní ìbọ̀rìṣà ni, pé onígbàgbọ́ kò gbọdọ̀ dán an wò; ẹnìkan tilẹ̀ ní àfi bí òwú bá pupa.

Èmi rò pé òwú kò ṣe nǹkan kan fún òsúkè, kò sì ṣe nǹkan kan fún ọmọ. Iṣan pẹlẹbẹ tó wà láàárín àyà àti ikùn ló ń fà tì lójijì, pàápàá bí ọmọ bá gbé afẹ́fẹ́ mì pọ̀ mọ́ ọmú, ara fúnra rẹ̀ á sì dá a dúró láìpẹ́, òwú á wá gba ìyìn ohun tí kò ṣe. Ẹ gbé ọmọ lé èjìká kí ó gùfẹ̀. Bí màmá bá fẹ́ fi òwú wọn sí i, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í sí i, kí wọ́n ṣáà fi omi tó mọ́ rẹ ẹ́ dípò itọ́ àgbàlagbà, kí ẹ sì mú un kúrò lórí ọmọ bí òsúkè bá ti dá kí ó má baà já bọ́ sí i lẹ́nu. Kò yẹ kí ilé dàrú nítorí fọ́nrán òwú.

Ní ti àgbàlagbà, ẹni tó ní kí wọ́n da ṣúgà gbẹrẹfu sórí ahọ́n kí wọ́n sì gbé e mì kò parọ́. Ní ọdún 1971, àwọn oníṣègùn kan ní Amẹ́ríkà kọ ọ́ sínú New England Journal of Medicine, ìwé ìwádìí àwọn oníṣègùn, pé àwọn fún ènìyàn 20 ní ṣíbí tíì kan ṣúgà gbígbẹ, òsúkè 19 nínú wọn sì dá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọn kò ní àwọn mìíràn tí wọn kò fún ní ṣúgà tí wọn ì bá fi wé wọn, nítorí náà n kò lè fi ẹ̀rí ènìyàn 20 búra, ṣùgbọ́n ṣíbí ṣúgà kan kò lè pa ẹni tí kò ní àrùn ìtọ̀ ṣúgà lára. Òsúkè tó bá kọjá wákàtí 48 kì í ṣe òsúkè lásán mọ́, oníṣègùn ló yẹ kó rí i.

* * *

Ọ̀rọ̀ òrí wúwo ju ti òwú lọ, nítorí pé òrí ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún 1979, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Tella tẹ iṣẹ́ jáde lórí bí òrí ṣe ń la imú tó dí, ohun tó sì rí bá ohun tí àwọn ìyá wa ti ń sọ mu. Ẹ wo bí ó ti pẹ́ tó tí àwọn kan fi ń fojú ọ̀bùn wo àwọn ìyá náà.

Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ màmá ni kíkì í bọ imú. Ọ̀rá tó bá gba imú ọmọ ìkókó kọjá lè ṣàn lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ara kò sì mọ bí yóò ṣe lé ọ̀rá kúrò níbẹ̀. Àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá kò rọrùn láti wò. Òrí tí kò ju orí ìṣáná lọ ni kí ẹ fi ìka tó mọ́ pa sí etí ihò imú, kí ẹ má tì í wọlé. Bí kelebe bá gan, ẹ ra omi iyọ̀ tí wọ́n ń kán símú ọmọdé ní kẹ́mísìtì.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ẹnìkan dámọ̀ràn pé kí wọ́n fi róòbù pa ọmọ láyà, kí wọ́n sì ju káfúrà sáàárín aṣọ rẹ̀ kí òórùn rẹ̀ lè la imú. Mo bẹ ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe é. Ọ̀pọ̀ nínú àwa Yorùbá, àwọn ọkùnrin ju obìnrin lọ, ni a bí láìní èròjà G6PD, tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kí ó má baà fọ́, ní ìwọ̀n tó yẹ. Òórùn káfúrà olóbìírípo tí a ń kó sáàárín aṣọ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fọ́, kí ibà apọ́njú sì gbé e dé ibi tí yóò ti ba ọpọlọ jẹ́. Mo ti rí ìyá tó ń fún ọmọ apọ́njú ní omi ìbẹ́pẹ tó sì ń gbé e sóòrùn láràárọ̀, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí wọn yóò fi gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ ti ń tẹ ọrùn sẹ́yìn, kò sì lè fa ọmú mọ́. Ọmọ náà yè, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ títí di òní. Omi ìbẹ́pẹ kọ́ ló dí i létí. Àkókò tí omi ìbẹ́pẹ gbà lọ́wọ́ wọn ni.

* * *

"Ìran tó lo gbogbo nǹkan wọ̀nyí náà ló bí wa." Ẹni tó kọ èyí kọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, ọ̀pọ̀ sì gbè é lẹ́yìn. Ó dára, ṣùgbọ́n àwọn tí kò yè é kò sí láàárín wa láti sọ tiwọn. Kò sí agbo ilé tí a kò ti sin ọmọdé láyé àtijọ́, a sì ń sọ pé àbíkú ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú àgbo ìtọ̀ màlúù tí wọ́n ń fún ọmọ tí gìrì bá mú. Ìtọ̀ màlúù, ewé tábà, aáyù, àlùbọ́sà, efinrin, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ni wọ́n máa ń kó pọ̀ sínú ìgò, wọ́n á sì rẹ ẹ́ títí yóò fi kan. Ó ti lé ní 40 ọdún tí àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ti ń kọ̀wé pé àgbo yìí ń lé ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń mú èémí rẹlẹ̀. Ní wọ́ọ̀dù wa, kí ìyá tó la ẹnu ni a ti máa ń mọ̀: òórùn tábà àti àlùbọ́sà á ti máa jáde lẹ́nu ọmọ, gìrì á ti dá, ìyá á sì máa dúpẹ́ pé ọmọ ti sùn, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà kò sùn rárá, ó ti dákú. Ọ̀pọ̀ gìrì tí ibà ń fà kì í pé ìṣẹ́jú 5 tí yóò fi dá fúnra rẹ̀. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ tú aṣọ lára rẹ̀, ẹ má fi ṣíbí ya eyín rẹ̀, ẹ má na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu, kí ẹ sì gbé e lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ibà ẹ̀fọn ni.

Inú bí ẹnìkan sí mi pé mo ń ba orúkọ àwọn ẹlẹ́wé jẹ́. N kò bà á jẹ́. Ìyá àgbà mi kì í ta àgbo yìí, wọn a sì máa lé ẹni tó bá wá béèrè rẹ̀.

* * *

Ẹlòmíràn wá bọ́ sí òdì kejì, ó ní gbogbo ohun tí kò bá ti inú páálí jáde, ìdọ̀tí ni, kí a dáná sun ún. N kò lè fọwọ́ sí ìyẹn náà. Ní ìparí ọdún 2008, oògùn olómi kan tí wọ́n ń tà nínú páálí fún ọmọ tó ń hu eyín bẹ̀rẹ̀ sí í pa ọmọ ní Nàìjíríà, àwọn tó kú sì lé ní 80, nítorí pé diethylene glycol, tó jẹ́ májèlé, ti wọ inú rẹ̀. Páálí kò gba ẹnikẹ́ni là lọ́jọ́ náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni eyín híhù kò fìgbà kan béèrè oògùn.

Ẹ wo asùnwọ̀n òyìnbó tí a ń lò fún làpálàpá. Ìyá àgbà mi a já ewé rẹ̀ ní tútù, wọn a lọ̀ ọ́ lórí ọlọ títí yóò fi máa yọ̀ lọ́wọ́, wọn a sì fi pa ojú ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́. Àwọn onímọ̀ ti rí èròjà tó ń pa olú, ìyẹn kòkòrò tó ń fa làpálàpá, nínú ewé yìí, ní Philippines sì rèé, ọṣẹ ni wọ́n ń fi ewé kan náà ṣe. Ewé tó ṣiṣẹ́ ni, ara tí kò bó ni a sì ń fi í pa. Ìbéèrè mi méjèèjì ló yege. Àwọn tó ń fi omi bátìrì pa làpálàpá ni kí a bá wí, nítorí ásíìdì ni, awọ ara ló ń jó dànù. Làpálàpá orí ọmọdé ní tirẹ̀ kò gbọ́ ti ewé tàbí ìpara, àfi oògùn tí ọmọ yóò gbé mì, nítorí ìdí irun ló wọ̀ sí.

Ewé Akíntọ́lá ńkọ́? Ẹni tó bá ti fi àdá ṣánko rí mọ̀ ọ́n. Ẹ já ewé bíi mélòó kan, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí omi aláwọ̀ ewé yóò fi máa ro, ẹ fún un sójú ọgbẹ́. Á ta ènìyàn lára gan-an, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ ki, á sì dá. Àwọn olùwádìí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, àwọn oníṣègùn ní Vietnam sì ti lò ó fún egbò iná. Àmọ́ ojú ọgbẹ́ kì í ṣe ara tí kò bó: ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọgbẹ́, ẹ fọ ewé náà kí ẹ tó ra á, bí ó bá sì jẹ́ ìṣó tàbí irin ló gún yín, tàbí tí ọgbẹ́ bá jìn, ẹ lọ gba abẹ́rẹ́ àrùn ipá. Kò sí ewé kankan tó ń dènà ipá.

* * *

Ẹni tó béèrè nípa egungun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun: ẹ má fi òkèlè ẹ̀bà ńlá tì í lọ. Mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló ń ṣe é, mo sì mọ̀ pé nígbà mìíràn egungun náà á lọ lóòótọ́. Nígbà tí kò bá lọ, ṣe ni òkèlè náà á tì í wọ ẹran ọ̀nà ọ̀fun, ohun tí oníṣègùn ì bá fi ẹ̀mú yọ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ á wá di iṣẹ́ abẹ. Ẹ wúkọ́, ẹ mu omi díẹ̀. Bí ó bá ṣì ń gún yín, tàbí tí itọ́ kò bá ṣeé gbé mì, ẹ lọ.

Àpólò, ìyẹn àrùn ojú pípọ́n tó ti ń jà kiri láti ọdún 1969 tó ti kọ́kọ́ bẹ́ sílẹ̀ ní Gánà, kò fẹ́ ìtọ̀, kò fẹ́ omi ṣúgà, kò fẹ́ ògógóró. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ó ti lọ fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń fọ́jú nídìí rẹ̀, ohun tí wọ́n dà sójú ló sábà máa ń fọ́ ọ.

* * *

Lórí iná àti omi gbígbóná, mo ka ẹyin tútù, ọṣẹ ìfọyín, epo pupa, ògì àti kerosín-ìn níbí, olúkúlùkù sì ń jẹ́rìí sí tirẹ̀. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé wọ́n tutù nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kan ara, ìtutù náà sì ni ara ń fẹ́. Ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ tó ń ṣàn ń mú ooru kúrò lára jù wọ́n lọ, kò sì ní kòkòrò tó wà nínú ẹyin. Ìṣẹ́jú 20 gbáko ni kí ẹ fi jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i, kódà bí ó bá ti tó wákàtí méjì tó ti jó, ó ṣì ń ṣe àǹfààní. Mo ti jókòó ti ọmọ kan tí ògì ti gbẹ mọ́ láyà, tí a ń fi omi iyọ̀ rẹ ẹ́ ká tó lè ṣí i díẹ̀díẹ̀, awọ ara sì ń bá ògì náà jáde. Igbe ọmọ yẹn ló mú mi kọ gbogbo èyí báyìí pẹ̀lú agbára.

Ẹ̀yin tí ẹ ní oyin dára, ẹ jàre. Àwọn ilé ìwòsàn ń lo oyin tí wọ́n ti pa kòkòrò inú rẹ̀ láti di egbò iná. Ṣùgbọ́n omi ni ó ń ṣáájú, oyin kò lè gba ipò rẹ̀. Bí ibi tó jó bá fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó jó lọ, tàbí tó jẹ́ ojú, ọwọ́ tàbí ojú ara, ẹ fi aṣọ tó mọ́ bò ó, ẹ máa lọ. Oyin kan náà, tí a ń fún ọmọ tó ń wúkọ́, ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí irúgbìn kòkòrò kan máa ń wà nínú rẹ̀ tó lè rọ ìkókó lápá lẹ́sẹ̀.

* * *

Ìyá ìkókó ti padà wá. Ó ní àwọn gbé ọmọ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, wọ́n sì ní kí ìyá àti bàbá pẹ̀lú ṣe àyẹ̀wò. Ojú ọmọ ti ń là. Ṣùgbọ́n màmá ti ń di ẹrù wọn, wọ́n ní bí ilé ìwòsàn bá mọ gbogbo rẹ̀, kí ni àwọn wá ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n lọ. Màmá ló ń wẹ ọmọ, tí wọ́n ń fi òrí wọ́ ọ lára, tí wọ́n ń sùn tì yín lóru kí ẹ lè rí oorun. Nọ́ọ̀sì kan kò lè wá bá yín ṣe ìyẹn nílé. Ẹ fi òrí lé wọn lọ́wọ́ pátápátá, kí wọ́n ṣáà má kì í bọ imú, ẹ fi òwú náà lé wọn lọ́wọ́. Ojú, etí àti ìwọ́ ọmọ nìkan ni kí ẹ fi pẹ̀lẹ́tù bẹ̀ wọ́n sí, ọkọ yín ni kó sì lọ bẹ ìyá rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, nítorí pé ẹnu ọmọ ẹni kì í dun ni tó ẹnu ìyàwó ilé. Bí àlùbọ́sà tí wọ́n yan bá ti wà nílẹ̀ fún etí ríro, ẹ ní kí wọ́n fi aṣọ gbígbóná tí kò ta ara lé ẹ̀yìn etí dípò rẹ̀.

* * *

Ìyá kan ní òun fẹ́ mọ èyí tó dára jù fún ìgbẹ́ gbuuru ọmọ ọdún méjì: efinrin, omidùn, tàbí omi iyọ̀ àti ṣúgà. Àríyànjiyàn pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó pọ̀. Efinrin àti omidùn ń bá kòkòrò inú jà díẹ̀, n kò ní kí ẹ má fún ọmọ tó ti ń jẹun. Ṣùgbọ́n kòkòrò kọ́ ló sábà máa ń pa ọmọ tó ń yàgbẹ́, gbígbẹ omi ara ni, omi iyọ̀ àti ṣúgà ló sì ń dá omi padà sí i lára.

Ìwọ̀n rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń ṣì. Ẹ mú omi inú ọ̀rá méjì tí wọ́n kọ 50cl sí lára, ẹ tú méjèèjì sínú abọ́ tó mọ́, ó ti di lítà kan. Ṣíbí tíì 6 ṣúgà, ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, kí ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́jú. Ẹ má fi ọwọ́ bu iyọ̀, nítorí ọwọ́ ìyá kan kò tó ọwọ́ ìyá kejì, iyọ̀ tó bá pọ̀ jù sì lè mú gìrì wá. Ẹ tọ́ ọ wò kí ẹ tó fún ọmọ: kò gbọdọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀, bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10 kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, ẹ má sì gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn wákàtí 24, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn. Ẹ ra oògùn síǹkì ní kẹ́mísìtì, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, tó ń sunkún tí omijé kò jáde, tàbí tí kò tọ̀ láti àárọ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ sì máa fún un ní omi náà mu lójú ọ̀nà.